Ewé Ń Jẹ́, Ṣùgbọ́n Kí A Dán An Wò

Àwọn àgbà ní ewé ń jẹ́. Bí ewé kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ni kò pé. Òtítọ́ ni. Kò wọ́pọ̀ kí a rí ọmọ Yorùbá tí a tọ́ dàgbà láàárín àwọn ará ilé rẹ̀ tí kò mu àgbo rí. Láti ọmọ-ọwọ́ ni a ti ń fi àgbo wẹ̀ ẹ́, tí a sì ń rọ ọ́ fún un. Bí ibà bá kọlù ú, ewé dóńgóyárò tàbí ewé orúwo ni a ó sè fún un. Bí inú bá ń run ún, ìyá àgbà a fún ewúro sínú igbá, a sì ní kí ó pajú dé kí ó gbé e mì. Nítorí náà, ẹni tí ó bá dìde tí ó ní ewé kò ní agbára kankan, onítọ̀hún kò mọ ohun tí ó ń wí. Ṣùgbọ́n òwe náà ní apá kejì tí àwọn ènìyàn kì í sábà yẹ̀ wò. Bí ewé bá ń jẹ́ lóòótọ́, a jẹ́ pé ó lágbára. Ohun tí ó bá sì lágbára láti wo ni sàn lè lágbára láti pa ni pẹ̀lú. Ọ̀bẹ tí ó mú tó láti gé iṣu, ó mú tó láti gé ọwọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ará àgbègbè Alímọ̀ṣọ́ ní Èkó gbọ̀ngbọ̀n. Ní àtijọ́, abúlé àwọn Àwórì ni Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá àti Ìgàndó. Oko àti igbó ló yí wọn ká, ẹni tí ó bá ń wá ewé kò ní rìn jìnnà. Lónìí, ilé ti kún ibẹ̀ dẹ́nu. Nígbà tí a ka àwọn ènìyàn Nàìjíríà ní 2006, 1,277,714 ni a kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ nìkan. Igbó ti lọ, ṣùgbọ́n àgbo kò lọ. Ní kùtùkùtù òwúrọ̀, kí ọkọ̀ tó kún ní ìdíkọ̀ Ìkòtún, ìyá alágbo ti sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Ìgò àti ike ń bẹ nínú rẹ̀ lóríṣiríṣi: ti jẹ̀díjẹ̀dí, ti ibà, ti ẹ̀yìn dídùn. Awakọ̀ a mu ife kan, bíríkìlà a mu ife kan, akẹ́rù a mu ife kan. Olúkúlùkù a nu ẹnu rẹ̀, a sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣàṣà ni ẹni tí ń bèèrè pé ewé mélòó ni ó wà níbẹ̀, tàbí pé báwo ni ó ti pọ̀ tó. Nígbà mìíràn, ìgò kan a tún wà láàárín wọn tí a ní ó ń wo àrùn jẹjẹrẹ. Ìgò yìí ni ó yẹ kí a dúró lé lórí.

Jẹjẹrẹ kì í ṣe ibà tí a lè fi ọjọ́ mẹ́ta dán oògùn wò lára rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ni a fi mọ ara ènìyàn, ẹyọ kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí. Bí àwọn kan nínú wọn bá ya aláìgbọràn, tí wọ́n ń pọ̀ sí i láìdáwọ́ dúró, tí wọ́n sì ń gba àyè ọmọnìkejì wọn, jẹjẹrẹ ti dé nìyẹn. Àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé ní 2020, àwọn tí àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní Nàìjíríà lé ní 120,000, àwọn tí ó sì pa lé ní 78,000. Ẹ jẹ́ kí a ro ti obìnrin kan ní Ẹgbẹ́dá tí ó ń wẹ̀ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, tí ọwọ́ rẹ̀ ba kókó kan ní ọmú rẹ̀, kékeré bí ẹ̀wà, tí kò dùn ún. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Ìgàndó, kò jìnnà sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọ̀bẹ ń bà á, owó kò sí lọ́wọ́, aládùúgbò sì ti júwe ìgò kan fún un. Ó mu ún títí di oṣù Ọ̀wàrà. Ìgbà tí ó fi dé ọ̀dọ̀ dókítà, kókó náà ti di egbò, ó sì ti ràn dé abíyá. Bí ó bá jẹ́ oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni ó lọ, ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ abẹ kékeré ti tó o. Bóyá ewé inú ìgò náà kò pa á lára rárá. Oṣù mẹ́sàn-án tí ó gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó pa á lára. Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò ewé fi jẹ́ ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè, tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé lásán.

Báwo ni a ṣe ń dán ewé wò? Àwọn kan rò pé iṣẹ́ àràmàǹdà ni. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. A ó ká ewé, a ó fọ̀ ọ́, a ó sá a síbi tí oòrùn kò ti ní pa á, a ó lọ̀ ọ́ kúnná, a ó sì rẹ ẹ́ sínú omi tàbí sípírítì fún ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tí a bá sẹ́ ẹ, tí a sì jẹ́ kí omi rẹ̀ gbẹ, ohun tí ó bá kù nísàlẹ̀ àwo ni oje ewé náà. Títí dé ibí, iṣẹ́ oníṣègùn àti iṣẹ́ olùwádìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Ibi tí wọ́n ti pínyà ni ohun tí ó tẹ̀ lé e: olùwádìí kò ní fi oje náà fún ènìyàn. Edé ni yóò kọ́kọ́ fún.

Edé yìí kéré púpọ̀. Artemia ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Inú omi iyọ̀ ni ó ń gbé. Ẹyin rẹ̀ lè wà ní gbígbẹ fún ọdún púpọ̀ láìbàjẹ́. Bí a bá da ẹyin náà sínú omi iyọ̀ tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí a sì tan iná sí i, ní ọjọ́ kan sí méjì àwọn ọmọ rẹ̀ yóò ti yọ, wọn yóò sì máa lúwẹ̀ẹ́ lọ síbi ìmọ́lẹ̀. Olùwádìí a ka mẹ́wàá-mẹ́wàá sínú àwọn ìgò kéékèèké. A fi oje ewé sí wọn, ti ìgò kan pọ̀, ti èkejì kò tó o, ti ẹ̀kẹta kéré jọjọ. A sì fi ìgò kan sílẹ̀ láìfi nǹkan kan sí i, kí ó lè jẹ́ ẹlẹ́rìí. Lẹ́yìn wákàtí 24, a ka àwọn tí ó kú. Ìwọ̀n oje tí ó pa ìdajì wọn ni a fi ń mọ bí oró ewé náà ti tó. Ní 1982 ni àwọn olùwádìí Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà, Meyer àti McLaughlin pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, tẹ ìlànà yìí jáde. Ó sì ti tàn dé àwọn yunifásítì ilẹ̀ wa, nítorí pé kò gba owó púpọ̀, kò sì gba ju ọjọ́ díẹ̀ lọ.

Ènìyàn lè bèèrè pé kí ni ikú edé ní í ṣe pẹ̀lú jẹjẹrẹ. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé oògùn tí ó lè pa sẹ́ẹ̀lì aláìgbọràn ni a ń wá, àwọn tí ó gbé ìlànà náà kalẹ̀ sì ṣàkíyèsí pé ohun tí ó bá pa edé sábà máa ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ pẹ̀lú. Oró ni àmì tí a ń wá. Oró náà sì ni ewu tí a ń sá fún. Èyí ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ tí àwọn tí ń polówó ìgò kì í sọ. Bí a bá gbọ́ pé ewé kan pa jẹjẹrẹ nínú àyẹ̀wò, ohun tí a gbọ́ ni pé ewé náà lóró. Ó kù kí a mọ̀ bóyá oró rẹ̀ mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ará ilé. Iná pàápàá ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń gbé iná mì. Nítorí náà, ẹnu ọ̀nà lásán ni edé jẹ́. Lẹ́yìn edé, a ó fi sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ àti sẹ́ẹ̀lì tí kò ní àrùn dán oje náà wò; lẹ́yìn èyí, a ó fi eku dán an wò; lẹ́yìn eku ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ènìyàn díẹ̀ tí a ti là á yé, tí wọ́n sì fi ẹnu ara wọn gbà.

Ọ̀nà náà gùn, ṣùgbọ́n ó ní òpin, àwọn kan sì ti rìn ín dé ibẹ̀. Òdòdó kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbìn síwájú ilé, tí òmíràn nínú rẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, tí òmíràn funfun. Erékùṣù Madagásíkà ni ó ti ṣẹ̀ wá; Catharanthus ni a ń pè é nínú ìwé. Àwọn ará Jàmáíkà a máa sè é mu nítorí àtọ̀gbẹ. Ní 1952, a fi ewé rẹ̀ ránṣẹ́ sí Kánádà, ó sì dé ọ̀dọ̀ Dókítà Robert Noble. Noble fún àwọn ẹranko àyẹ̀wò mu, ṣúgà ara wọn kò yí padà. Ó fi abẹ́rẹ́ fi oje rẹ̀ sí wọn lára, wọ́n kú. Ẹlòmíràn ì bá ti da ewé náà sí ààtàn. Ṣùgbọ́n Noble wádìí ohun tí ó pa wọ́n, ó sì rí i pé sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ wọn, èyí tí ń bá àrùn jà, ti dín kù gidigidi. Ó wá ronú pé ohun tí ń dín sẹ́ẹ̀lì funfun kù lè wúlò fún jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, níbi tí irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ti ń pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Nígbà tí ó di 1958, òun àti Charles Beer ti yọ vinblastine jáde láti inú ewé náà. Vincristine tẹ̀ lé e láti inú ewé kan náà, òun sì wà nínú oògùn tí a fi ń wo jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé títí di òní olónìí.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ìtàn yìí kọ́ni. Èkínní ni pé oró ni ó kọ́kọ́ farahàn kí ìwòsàn tó tẹ̀ lé e. Èkejì ni ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Nǹkan bí 500 kílógíráàmù ewé gbígbẹ ni ó ń mú gíráàmù 1 péré vinblastine wá. Dókítà a sì máa wọn oògùn náà gẹ́gẹ́ bí ara aláìsàn ti tóbi tó, a máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lemọ́lemọ́, nítorí pé bí ó bá pọ̀ jù, oògùn di májèlé. Ta ni ó lè fi ìkúnwọ́ ewé àti ìkòkò dídúdú ṣe irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀?

Ilẹ̀ wa náà kò ṣaláìní ewé tí ó yẹ ní wíwò. Ewúro ni àpẹẹrẹ tí gbogbo ilé mọ̀. Ní 1969, Kupchan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti fi hàn pé ohun kan tí ó korò nínú rẹ̀, vernodalin, ń pa sẹ́ẹ̀lì. Ní 2003, Ernest Izevbigie, tí ó ń kọ́ni ní Yunifásítì Jackson State ní Mississippi, kọ̀wé pé omi ewúro dá sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọmú lẹ́kun nínú àwo àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ẹranko ṣe. Ní òkè Mahale ní Tanzania ní 1987, àwọn olùwádìí rí ìnàkí kan tí ara rẹ̀ kò dá, tí ó wá ewúro lọ. Ó já ewé rẹ̀ sọnù, ó bó èèpo rẹ̀ sọnù, inú ọ̀pá rẹ̀ nìkan ni ó jẹ lẹ́nu tí ó sì fa omi rẹ̀ mu. Nígbà tí a yẹ igi náà wò lẹ́yìn náà, inú ewé àti èèpo ni vernodalin, ohun olóró náà, pọ̀ sí jù. Ìnàkí kò ka ìwé, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí a ń jẹ àti ibi tí a ń jù nù. Àwọn ìyá wa pẹ̀lú mọ èyí. Kò sí ẹni tí ń se ọbẹ̀ ewúro láìkọ́kọ́ fọ̀ ọ́ títí omi kíkorò rẹ̀ yóò fi lọ.

Òtílì tún jẹ́ àpẹẹrẹ mìíràn. Ní 2010, Ashidi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nínú èyí tí wọ́n bi àwọn ará gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà léèrè ewé tí wọ́n fi ń wo jẹjẹrẹ, tí wọ́n sì fi sẹ́ẹ̀lì dán àwọn ewé náà wò. Ewé òtílì wà lára àwọn tí ó ta yọ, wọ́n sì yọ àwọn ohun tí ó ń pa sẹ́ẹ̀lì jáde láti inú rẹ̀. Bí ó ti yẹ kí iṣẹ́ rí nìyí: a bi àgbà léèrè, a kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́, a sì dán ọ̀rọ̀ àgbà wò, a kò gbé e mì lódindi.

Ìdí tí a kò fi gbọ́dọ̀ gbé e mì lódindi ni ọ̀rọ̀ gbòǹgbò kan tí àwọn ẹlẹ́gbòogi mọ̀ sí akogun. Aristolochia ni orúkọ ẹbí rẹ̀ nínú ìwé. Ní 2015, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Èkó tẹ̀ ẹ́ jáde pé oje akogun bá jẹjẹrẹ jà nínú àwo àyẹ̀wò àti lára eku. Bí ó bá jẹ́ ibẹ̀ ni a dúró sí, à bá máa jó. Ṣùgbọ́n ní Bẹ́ljíọ̀mù, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn obìnrin kan tí ó fẹ́ fọn ti lo egbòogi kan tí Aristolochia wọ inú rẹ̀. Ó lé ní 100 nínú wọn tí kíndìnrín wọn bàjẹ́. Nígbà tí a yọ kíndìnrín 39 nínú wọn tí tiwọn kò ṣiṣẹ́ mọ́, a bá jẹjẹrẹ ní ọ̀nà ìtọ̀ àwọn 18, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí tí ó jáde ní 2000 ti fi hàn. Ní 2002, àjọ àgbáyé tí ń wádìí jẹjẹrẹ kọ egbòogi tí ó bá ní ẹbí igi yìí nínú mọ́ àwọn ohun tí ó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Ẹbí kan náà ni ó ń pa jẹjẹrẹ nínú àwo, tí ó sì ń gbìn ín sí ara ènìyàn! Kò sí edé tí ó lè sọ èyí fún ni ní wákàtí 24; ọdún púpọ̀ ni ó gbà kí ó tó hàn.

Àwọn kan yóò wí pé àwọn baba wa mu àgbo, wọn kò sì kú. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n àwọn tí ó yè ni ó ń jẹ́rìí. Àwọn tí kò yè kò lẹ́nu mọ́. Bí àgbo bá pa ènìyàn ní ọjọ́ tí ó mu ún, gbogbo àdúgbò yóò mọ̀. Bí ó bá ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́ ní ọdún mẹ́wàá, ayé ni wọn yóò sọ pé ó ṣe é. Àwọn mìíràn a ní nọ́ńbà NAFDAC wà lára ìgò. Nọ́ńbà náà ní iṣẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kí a ka ìyókù ohun tí a kọ síbẹ̀: lára àgbo tí a kàn forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, a máa ń kọ ọ́ pé àjọ náà kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń wò wò.

Àwọn ẹ̀kẹta ní ìbẹ̀rù tí ó yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún. Wọ́n ní bí oníṣègùn bá fi ewé rẹ̀ han àwọn ọ̀mọ̀wé, wọn yóò jí i. Ìbẹ̀rù yìí kò ṣẹ̀yìn ohun tí ojú ti rí, ṣùgbọ́n ọ̀nà wà. Àlùfáà Ogunyale ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fi àgbo ìdílé rẹ̀ fún àrùn fòníkú-fọ̀ladìde lé ọwọ́ ilé ìwádìí oògùn ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá. Iyèré, kànáfùrù, igi osùn àti ewé ọkà-bàbà ni ó wà nínú rẹ̀. Wọ́n bá a ṣe àdéhùn, wọ́n dán an wò lára ẹranko àti ènìyàn, oògùn náà sì jáde fún títà ní 2006. Ìṣòro owó bá ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe é lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tí ó ni ìmọ̀ náà kò sọnù. Ẹni tí ó fi ìmọ̀ pamọ́ títí ó fi kú, òun ni ìmọ̀ rẹ̀ sọnù pátápátá.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Oníṣègùn Ìkòtún mọ ewé, ó mọ ìgbà tí a ń ká a, ó sì mọ ohun tí a ń fi kún un. Olùwádìí mọ bí a ti ń wọn oró. Yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó wà ní Ọ̀jọ́, ọkọ̀ ń ti Ìgàndó lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Ó yẹ kí ìjọba fi owó sí i kí ẹlẹ́gbòogi lè gbé ewé rẹ̀ lọ láìsanwó, kí a kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí a fi ìwé àdéhùn dáàbò bò ó, kí a sì dá èsì padà fún un ní èdè tí ó gbọ́. Ó sì yẹ kí òfin de ẹnikẹ́ni tí ó bá kọ ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ sára ìgò tí a kò dán wò. Ní ti aláìsàn, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ó kọ́kọ́ yà. Ilé ìwòsàn wà ní Ìgàndó, ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí a ṣí ní 2019 sì wà ní Ìdí-Àràbà. Bí ó bá ń mu àgbo pẹ̀lú, kí ó má ṣe fi pamọ́ fún dókítà, nítorí pé ewé àti oògùn lè bá ara wọn jà nínú ara kan.

Kí àwọn ọmọ ilé-ìwé tí ń ka èyí má ṣe rò pé ẹ̀kọ́ kẹ́místrì wà lọ́tọ̀, orúkọ ewé tí ìyá àgbà mọ̀ wà lọ́tọ̀. Ẹni tí ó bá mọ méjèèjì ni yóò rí ohun tí ẹni tí ó mọ ọ̀kan kò rí. Bí a kò bá kọ́ orúkọ orúwo àti òtílì mọ́, ta ni yóò júwe wọn fún olùwádìí lọ́la? Bí a kò bá sì kọ́ bí a ti ń wọn oró, ta ni yóò gba obìnrin Ẹgbẹ́dá náà lọ́wọ́ ìgò tí ń gba oṣù mẹ́sàn-án lọ́wọ́ ènìyàn? Ewé ń jẹ́. Kí a mọ àrùn tí yóò jẹ́ fún, kí a mọ ìwọ̀n tí yóò fi jẹ́, kí a sì mọ ẹni tí ó lè pa, kí ó tó wọ inú ìgò.